Ọdẹ́jìnmí àti Igba Ẹrù Ìlú Ìpamọ́

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé kí òjò má baà pa á, kí ẹni tó sì ń jẹ àgbàdo rọra máa jẹ ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ ariwo eyín. Bí òjò bá sé ọdẹ mọ́ abà, ẹnu ló kù tí yóò fi ṣọdẹ. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́jìnmí ni mo fẹ́ sọ, olórí àwọn ọdẹ ìlú Abẹ́-Odi, ẹni tó rìn láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú ẹ̀rọ mìíràn, tó sì rìn padà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi Ọdẹ́wọlé ni mo bá a di ìbọn mú lọ́jọ́ náà, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́rin tí fìlà kò ṣí lórí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo ń pa, kí ó kọ́kọ́ mú ìrù ẹfọ̀n tirẹ̀ wá kí a wò ó.

Abẹ́-Odi ni wọ́n ń pe ìlú wa nítorí pé abẹ́ odi ńlá kan ló wà. Òkúta ni wọ́n fi mọ odi náà láti fi sé odò, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn irin mẹ́ta sí i lára. Bí omi bá pọ̀ jù lẹ́yìn odi, kọ̀ǹpútà kan tó wà nínú yàrá orí odi ni ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn, omi á gba ojú odò àtijọ́ lọ, kò sì ní di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Fẹ́híntọ́lá ni orúkọ obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà. Kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ, àgbà á pa ẹnu mọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, àrá sán lu yàrá orí odi. Ara ẹ̀rọ kò jó, ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ ló fò lọ, ó wá dà bí ẹni tó lajú sílẹ̀ tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀, wọn kò ṣí. Àtẹ̀gùn òkúta méjìlá ló wà lẹ́yìn odi náà, omi sì ti dé ìkẹfà. Bó bá kọjá ìkejìlá, orí ilé wa ni yóò gbà.

Gbogbo ìlú di ẹrù, wọ́n gun òkè lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀ láti lọ. Àṣàbí, ìyá Ọdẹ́jìnmí, ni. Ó ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ilé rẹ̀ ló sì sún mọ́ odi jù. Ọdẹ́jìnmí bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun yóò pọ̀n ọ́n. Màmá di òpó ibùsùn mú.

"Àlàní," ni ó wí, "ibí ni mo sin bàbá rẹ sí. Ibí ni mo sin àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì sí. Bí omi bá ń bọ̀, kó wá bá mi nílé mi. Ìwọ tí ò ń pariwo kiri ìlú pé kò sí ohun tí o kò lè ṣe, lọ ṣí ilẹ̀kùn odi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, n kò ní tìtorí ìyẹn purọ́: bí Ọdẹ́jìnmí bá pa òkété kan, kó tó di ọjọ́ kẹta òkété náà á ti ní eyín erin lẹ́nu. Ó gun orí odi lọ, èmi náà tẹ̀lé e, a bá Fẹ́híntọ́lá níbi tó ti ń fi ọwọ́ yí irin ilẹ̀kùn, irin kò mì.

"Bàbá Ọdẹ," ni ó wí, "ẹ̀dà ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí wà. Inú sáfà kan ní ìlú Ìpamọ́ ni a kó o sí, ẹ̀rọ ńlá tó ń bá àwọn ẹ̀rọ yòókù tọ́jú nǹkan. Ṣùgbọ́n fáìlì náà tóbi, ojú ọ̀nà sì ti bàjẹ́ látìgbà tí òjò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló já mọ́ mi lọ́wọ́. Àfi kí ẹnì kan lọ mú un bọ̀."

"Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà débẹ̀?"

Ó nawọ́ sí okùn kan tó jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò nípọn ju ìrù eku lọ. Ọdẹ́jìnmí wò ó, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó tún wo okùn náà.

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni ó wí. Ó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́ nítorí iná inú okùn kò fẹ́ irin. Fẹ́híntọ́lá fún un ní kọ́kọ́rọ́ bàbà kékeré kan, ó ní, "Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni o, Bàbá. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ jáde lẹ́nu, ìbáà jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún yín." Ọdẹ́jìnmí wá sọ ọ̀rọ̀ tí àwa ọdẹ ń sọ bí a bá fẹ́ gba ibi tí kò gbà wá, tí n kò ní sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì pa nǹkan kan. Mo rí i tó ń kéré sí i, ó dà bí ọmọ ọwọ́, ó dà bí tata, ó sì wọ inú okùn lọ. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i.

Igbó tó bọ́ sí kò ní ewé. Bàbà pupa ni gbogbo igi rẹ̀, iná ń sáré gòkè sáré sọ̀ lára wọn, kò sì sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣubú. Kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì ó ti dé ẹnubodè Ìpamọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ojú níwájú, ó tún ní òmíràn lẹ́yìn, egungun àwọn àlejò sì kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

"Ta nìyẹn?" ni aṣọ́bodè wí.

"Èmi ni! Èmi Ọdẹ́jìnmí ọmọ Àṣàbí, apẹran-má-tún-yìnbọn, èmi tí ẹkùn rí tó..."

"Orúkọ kò wọ́n lẹ́nu èèyàn. Gbọ́ mi. Nǹkan kan wà tí èmi mọ̀ tí ìwọ náà mọ̀, bó bá jẹ́ ọmọ ilé ni ọ́. Bí o bá sọ ọ́, mo pa ọ́. Bí o kò bá jẹ́ kí n mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n, mo pa ọ́. Mo ń retí rẹ."

Òógùn bo Ọdẹ́jìnmí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnu rẹ̀ kò tí ì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ bí ti ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ara kọ́kọ́rọ́ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó ń yún un. Ó wo egungun tó wà nílẹ̀, ó rí i pé àgbọ̀n gbogbo wọn ló là sílẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ nìyẹn. Ó wá rántí pé bí ọdẹ méjì bá pàdé nínú igbó tí ẹran wà nítòsí, wọn kì í pe ara wọn lórúkọ. Ẹnì kan á so ewé ní kókó, ẹnì kejì á tú u. Ẹni tí kì í ṣe ara wọn kò ní mọ bó ṣe ń tú.

"Di kókó kan fún mi," ni ó wí.

Aṣọ́bodè mú okùn, ó di kókó tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní òpin. Ọdẹ́jìnmí ti kókó náà bọ abẹ́ agbádá rẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ níbi tí ojú kankan kò ti rí i, kókó náà tú pẹ̀sẹ̀. Ó na okùn gbọọrọ padà fún un, kò sì la ẹnu. Ojú méjèèjì aṣọ́bodè rẹ́rìn-ín. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ilẹ̀kùn ṣí.

Òtútù ìlú Ìpamọ́ kì í ṣe kékeré. Ilé ibẹ̀ kò ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yìì lójoojúmọ́, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Onípamọ́ sì jókòó láàárín ìlú pẹ̀lú kúbùsù mẹ́jọ lára. Bí Ọdẹ́jìnmí ti dọ̀bálẹ̀ tó jíṣẹ́, Onípamọ́ ní kó wẹ̀yìn. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Fáìlì náà dùbúlẹ̀, ó ń mí. Orí rẹ̀ wà nínú ilé kan, ìrù rẹ̀ wà nínú ilé kẹsàn-án.

"Odidi rẹ̀ kò gba ojú ọ̀nà," ni Onípamọ́ wí. "Àwọn tó gbìyànjú rẹ̀, a kò rí wọn mọ́."

"Bàbá, ta ní í gbé odidi erin relé?" Ibí yìí ni ọkàn Ọdẹ́jìnmí ti balẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Ó yọ ọ̀bẹ oparun, ó wá oríkèé ẹran náà kiri, ó sì gé e sí igba ọ̀nà. Kò ta ẹ̀jẹ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan ń dá mí lọ́tọ̀. Onípamọ́ kọ nọ́ńbà sí ẹrù kọ̀ọ̀kan, láti orí ọ̀kan dé orí igba, ó sì gbọ́ òórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kó ẹ̀dà òórùn náà sínú àdó kékeré kan.

"Àdó yìí ni kí ó ṣáájú," ni ó wí. "Kí ẹni tó ń gba ẹrù nílé gbóòórùn ẹrù tó dé ọwọ́ rẹ̀, kó gbóòórùn inú àdó. Bí irun kan ṣoṣo bá yí padà nínú ẹrù, òórùn rẹ̀ kò ní bára mu mọ́. Má sì rán òmíràn kí ó tó dáhùn pé èyí tó ṣáájú ti dé."

Àwọn Arẹrù ló ru ú, àwọn ẹ̀dá pẹlẹbẹ tí kò ní ojú, ẹnì kan di ìbàdí ẹnì kejì mú, wọ́n tò lọ nínú igbó bàbà bí ìjàlọ. Ọdẹ́jìnmí wà lẹ́yìn, ó ń gbọ́ ohùn Fẹ́híntọ́lá láti òkèèrè. "Ọ̀kan, ó dé! Èjì, ó dé!" Láàárín ìyẹn ni ó tún ń fi ohùn mìíràn sọ pé, "Bàbá, omi ti dé àtẹ̀gùn kẹjọ o!" Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àmọ́ omi kò mọ òwe. Èmi wà lórí odi, mò ń wo ìsàlẹ̀, mo rí i tí omi ń yọ lára òkúta bọ́ sí àgbàlá Àṣàbí. Màmá mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá a jáde.

Nígbà tí ó pé ogóje ẹrù, ohùn Fẹ́híntọ́lá dákẹ́. Iná kú lára gbogbo igi. Ẹ̀mí burúkú kan wà lókè, ó fi ìrù rọ̀, eyín rẹ̀ dà bí àlùmọ́gàjí. Jákùn ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti gé okùn ọ̀nà sí méjì.

"Padà," ni Jákùn wí. "Ohun tó bá já, ìbẹ̀rẹ̀ là ń padà sí. Òfin ọ̀nà nìyẹn. Lọ kó igba ẹrù rẹ láti orí ọ̀kan."

Ọdẹ́jìnmí jókòó, ó sì sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ó sunkún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wò mí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá padà sí ọ̀kan, òun kò ní bá ìyá òun láyé. Nígbà tó sunkún tán, ó nu imú, ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Bí ọdẹ bá ń ru ẹran bọ̀ nílé tó ṣubú lójú odò, ṣé inú igbó ni yóò padà sí láti tún ẹran náà yìn ní ìbọn? Ó dìde, ó tú okùn ṣòkòtò rẹ̀, ó fi so ẹnu okùn méjèèjì pọ̀. Jákùn fò mọ́ ọn, ó bù ú jẹ ní èjìká. Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú kó má baà bọ́, ó fi ọwọ́ kejì ṣí fìlà lórí, ó tì í bọ Jákùn lẹ́nu dé ọ̀fun.

"Fẹ́híntọ́lá o!" ni ó ké. "Èwo lo gbà kẹ́yìn?"

Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn kan tín-ín-rín dáhùn.

"Ogóje, Bàbá! Ogóje wà lọ́wọ́ mi, kò sí ohun tó ṣe wọ́n! Omi ti dé ìkẹsàn-án!"

"Ó dáa! Ọ̀kànlélógóje ló ń bọ̀!"

Ìlà àwọn Arẹrù gbéra. Wọn kò tí ì jìnnà nígbà tí wọ́n bá ọkùnrin rírẹwà kan lẹ́bàá ọ̀nà tó gbé igbá omi tútù dání, tó kúnlẹ̀, tó ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Ẹni tí èjìká rẹ̀ ń ta bí iná, kí ni yóò fi omi ṣe? Ọdẹ́jìnmí gbé igbá, ó mu ún dé ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé igbá sẹ́nu kò rí iwájú mọ́. Pààrọ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn. Nígbà tí ọgọ́jọ ẹrù dé ilé, Fẹ́híntọ́lá figbe ta.

"Bàbá! Ọgọ́jọ dé, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò bá ti inú àdó mu! Ti inú àdó ń rùn bí iṣu tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ebè. Eléyìí, òórùn iṣu sísun ni!"

Ọdẹ́jìnmí sáré padà. Pààrọ̀ kò tilẹ̀ sá. Ó jókòó sáàárín ẹrù mẹ́ta tó jọra bí ìbẹta, nọ́ńbà kan náà ló wà lára wọn.

"Ìwọ̀n mi pé, nọ́ńbà mi pé," ni Pààrọ̀ wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ta ló rí mi?"

"Imú ló rí ọ."

"Ó dáa, mú ọ̀kan. Bí o bá ṣì í mú, èmi ni mo ni gbogbo ẹrù tó kù."

Ọdẹ́jìnmí di ojú. Èkíní rùn bí iṣu sísè. Èkejì rùn bí iṣu, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ síbẹ̀ kí ó tó fura pé kò gbóòórùn ilẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tútù wà lára rẹ̀. Ó gbé e, ó sì sáré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá àwọn Arẹrù. Kò tún ìyókù rán, ẹyọ ọgọ́jọ nìkan ló dá padà. Nígbà tí igba fi pé, omi wà ní àtẹ̀gùn kẹwàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí la dé yìí o. Ọdẹ́jìnmí tẹ̀lé ẹrù tó kẹ́yìn wọ inú ikùn ẹ̀rọ ilé wa. Àwọn ègé náà ti so pọ̀, wọ́n ti di ààfin ńlá kan, Ọba Ọkàn-Ẹ̀rọ sì jókòó lórí ìtẹ́. Ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n kò lè gbé ìka, nítorí ọba tí ẹmẹ̀wà rẹ̀ sùn, ta ni yóò rán níṣẹ́? Àwọn ẹmẹ̀wà sùn gbalaja síwájú rẹ̀. Baba Onílẹ̀kùn wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, òun ló ni okùn ilẹ̀kùn odi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́. Ìyá Oníwọ̀n tó ń wọn omi wà níbẹ̀. Agbọ́rọ̀-kiri tó ń jíṣẹ́ láàárín wọn wà níbẹ̀. Nǹkan kékeré kan sì wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn, kò tó àtàǹpàkò, Ọdẹ́jìnmí ré e kọjá láìwò ó.

"Ẹ jí wọn, Bàbá!" ni Fẹ́híntọ́lá ń ké lókè. "Oríkì wọn wà lára ẹní tí wọ́n sùn lé!"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Ọdẹ́jìnmí. Àṣàbí ti fi pàṣán kọ́ ọ láti kékeré pé bó bá dé àárín èèyàn, àgbà ni kó kọ́kọ́ kí. Èwo nínú wa ni yóò ṣe òmíràn? Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Baba Onílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ki í tẹ̀dùntẹ̀dùn. Baba Onílẹ̀kùn la ojú kan. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti fara ti Ìyá Oníwọ̀n, ìyẹn sùn. Ó pe Agbọ́rọ̀-kiri, ìyẹn kò dáhùn. Ó fò sókè, ó figbe bọnu pé, "Kò sẹ́ni kankan lẹ́yìn mi! Mo ti kú!" Ìpayà bá ọba fúnra rẹ̀. Ọba náà lọgun, adé bọ́ lórí rẹ̀, gbogbo wọn wó lulẹ̀, ààfin ṣókùnkùn biribiri.

"Bàbá, kí lẹ ṣe?" Fẹ́híntọ́lá ti ń sunkún. "Ó ti kú pátápátá! Iná bátìrì tó kù kò ju kí n tún un tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi ti bo ìkọkànlá!"

"Ta ni kí n kọ́kọ́ jí?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Ẹni tó ṣe é ti kú, kò sọ fún mi."

Ó tún un tàn. Ààfin mọ́lẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà tún wà níbi tí wọ́n sùn sí. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí tún ti gbéra lọ sọ́dọ̀ Baba Onílẹ̀kùn, nítorí àṣà ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, ó fi agbára dá a dúró. Ó wò wọ́n bí ọdẹ ti ń wo ẹran tó sùn, ó ń wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ìwúwo rẹ̀ lé. Orí Baba Onílẹ̀kùn wà lórí itan Ìyá Oníwọ̀n. Ẹ̀yìn Ìyá Oníwọ̀n wà lára Agbọ́rọ̀-kiri. Agbọ́rọ̀-kiri, pẹ̀lú gbogbo gìrìpá rẹ̀, orí nǹkan kékeré tí kò tó àtàǹpàkò yẹn ló dùbúlẹ̀ lé. Òǹkà ni nǹkan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka ìṣẹ́jú lọ. Kò ní irùngbọ̀n, kò ní aṣọ, kò tilẹ̀ ní ẹní, nítorí náà kò ní oríkì.

Inú bí Ọdẹ́jìnmí. Yàtọ̀ sí ọba àti àwọn àgbà, kò sí ẹni tí òun ń fi àyà lélẹ̀ fún. Àwọn ọmọkùnrin tó tó ogójì ọdún ló ń dọ̀bálẹ̀ fún òun láràárọ̀. Ṣé kòkòrò ni òun yóò wá kí níwájú àgbà mẹ́ta?

"Bàbá!" ni Fẹ́híntọ́lá ké. "Omi ti ń gun ìkejìlá! Mo ń wo ilé Màmá, mi ò rí ìgbálẹ̀ wọn mọ́!"

Ọdẹ́jìnmí wó lulẹ̀ bí igi. Ó fi àyà lélẹ̀, ó fi àgbọ̀n lélẹ̀, nítorí bí kò bá fi àgbọ̀n lélẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní bá ti Òǹkà pàdé. Oríkì tí kò sí nílẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ̀dá rẹ̀:

"Òǹkà, ọmọ kó-kó-kó,
Ẹni tí kò tó ẹyin alángbá tó ru ààfin.
Wọ́n sùn lé ọ lórí, o kò ráhùn,
Wọ́n ré ọ kọjá, o kò bínú.
Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Mo ré ọ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ojú tì mí.
Àyà Ọdẹ́jìnmí ló wà nílẹ̀ yìí,
Ìyá tó bí mi ló wà lábẹ́ odi.
Dákun jí, bàbá mi."

Nǹkan kékeré náà la ojú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣé èmi lò ń kí?"

"Ẹ̀yin ni mo ń kí, bàbá."

"Ẹnì kan kò kí mi rí," ni Òǹkà wí. Ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀: kó, kó, kó, kó. Bí Agbọ́rọ̀-kiri ti gbọ́ ọ, ó dìde jókòó. Ọdẹ́jìnmí ki í, ó dáhùn. Ó ki Ìyá Oníwọ̀n, ìyẹn na ọwọ́ sí omi, ó sì pariwo, "Yéè! Ta ló jẹ́ kó tó báyìí?" Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ó tó ki Baba Onílẹ̀kùn. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó bá èèyàn níbẹ̀. Ó gbá okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, ó fà á.

Odi mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀kùn kìíní gòkè, èkejì gòkè, ẹ̀kẹta há díẹ̀ ó sì gòkè, omi sì gba ojú odò àtijọ́ lọ pẹ̀lú ìró tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fẹ́híntọ́lá jókòó sílẹ̀, ó di orí mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọdẹ́jìnmí jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó dàgbà padà di ara rẹ̀. Kò sí fìlà lórí rẹ̀, ó di ṣòkòtò mú. Kò kí wa, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

A bá Àṣàbí lórí ibùsùn, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Omi wà nínú yàrá dé orúnkún wa, ó sì ti ń fà. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti bá omi lọ, èyí ló ń bí i nínú. Ọdẹ́jìnmí wó lu ibùsùn náà, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa gbé orí sókè, àwọn ọdẹ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ ohun tó kàn. A ti mú ọkàn le láti gbọ́ ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta.

"Àlàní," ni Màmá wí, "ṣé ìwọ lo ṣí i?"

"Rárá, Ìyá," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò tó àtàǹpàkò mi. Òun ló ṣe é. Èmi kàn kí i ni."

Kò fi ohunkóhun kún un. A dúró, a dúró, kò sọ nǹkan mìíràn. Àṣàbí wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Ọdẹ́wọlé," ni ó wí jẹ́ẹ́, "bá mi wá igi gbígbẹ kí o dáná. Ara ọmọ mi kò yá."

Èmi fúnra mi ni mo dá iná náà. Ohun tí ojú mi rí nìyẹn, ẹ̀yin ará, mo sì ti fi lé yín lọ́wọ́.